Ilé Méje Lórí Aṣọ Ìyá Dọ̀tun

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ wò títí dé ìdí, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Ìtàn tí mo gbé dání yìí kò ní olè nínú, ẹnikẹ́ni kò sì yọ ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ irọ́ wà níbẹ̀, ìwádìí wà níbẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan sì wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Aago ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní wákàtí kan ó lé díẹ̀ láti fi wá a. Bí wọn kò bá rí i, ìyá kan ní Adigbe lè má sọ̀rọ̀ mọ́ láé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì lè má gbé ohunkóhun mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló ní láti sáré. Àwa kò ní ìdí kankan láti sáré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ọjọ́rú kan ni, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú ìsinmi. Nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ aládùúgbò kan gbé Mọ́níkẹ́ Ọláògún, tí gbogbo Adigbe mọ̀ sí Ìyá Dọ̀tun, wọ ilé ìwòsàn ńlá kan ní Abẹ́òkúta. Ẹnu ìyá náà ti wọ́ sí apá kan. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ bí ẹ̀wù tí a fi kọ́ okùn. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo àwọn tó yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìró lásán ló ń jáde. Ìyẹ́ adìẹ kan lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ tó ti gbẹ ló so ó mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì kan na ọwọ́ kó já ìyẹ́ náà dànù.

"Rọra, ọmọ mi," ẹnìkan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Christianah Ọláṣẹ̀hìndé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìntì, ẹ̀ka tó ń tọpinpin ọ̀ràn ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ náà á bi mí pé kí ni ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì ń wá nílé ìwòsàn. Àwọn dókítà kan níbẹ̀ ló ń ṣe ìwádìí lórí àrùn rọpárọsẹ̀: bí a ṣe lè dènà rẹ̀, bí a ṣe lè wò ó, àti bí ẹni tó bá kọlù ṣe lè padà bọ̀ sípò. Ohun tó kọ́kọ́ dí wọn lọ́wọ́ ni pé àwọn èèyàn a gbé aláìsàn wá, wọn kò sì ní mọ ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní àárọ̀, èkejì á ní ọ̀sán, ẹ̀kẹta á ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba Christianah. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kó máa wá aago. Àwọn nọ́ọ̀sì sì sọ ọ́ ní Màmá Aago.

Kò pẹ́ tí Dókítà Bólúwatifẹ́, olórí ìwádìí náà, jáde láti yàrá ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Ó dí ojú ọ̀nà kan pa lápá òsì ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì ya. Oògùn tó lè yọ́ ọ wà nínú fíríìjì."

"Ẹ fún un nígbà náà."

"Ẹ mọ òfin rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀, láti ìgbà ìkẹyìn tó dájú pé ara rẹ̀ ṣì dá. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ibi tó ti kú nínú ọpọlọ á ti rọ̀. Bí mo bá fún un ní oògùn yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú orí rẹ̀. Èmi ni mo pa á nìyẹn."

"Ta ló rí i kẹ́yìn?"

"Ọládọ̀tun ọmọ rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́. Aago márùn-ún ìdájí ló dágbére fún un. Láti márùn-ún, mẹ́sàn-án àbọ̀ ni àyè wa ti tán. Ṣùgbọ́n ìyàwó Ọládọ̀tun ní òun kí i ní aago mẹ́wàá, ó sì dáhùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ní títí di aago méjì àbọ̀. Mo ti ní kí wọ́n lọ gbé oògùn wá."

"Ẹ ní kí wọ́n dúró ná, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ mẹ́wàá yẹn lẹ́nu ẹni tó ni ín."

Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Orí bẹ́ǹṣì níta ni wọ́n ti bá Tolúlàṣẹ, ìyàwó Ọládọ̀tun. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Gèlè rẹ̀ ti tú sí èjìká, kò sì mọ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ìyàwó. Ọlọ́run á gbà á."

"Àmín, mà. Ẹ ṣé, mà."

"Wọ́n ní o kí Màmá ní aago mẹ́wàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Aago mẹ́wàá géérégé. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ya àdìrẹ."

"Báwo lo ṣe kí wọn?"

"Mo kúnlẹ̀, mà. Mo ní, 'Ẹ káàárọ̀, mà.' Wọ́n ní, 'Káàárọ̀, ṣé dáadáa lo jí?'"

Christianah jókòó tì í. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

"Ilé kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Yàrá wọn kọjú sí tiwa."

"Ìwọ jí ní aago mélòó?"

"Mẹ́fà, mà."

"Kí lo ṣe?"

"Mo gbálẹ̀. Mo fa omi ní kànga."

"Ibo ni kànga wà?"

"Ẹ̀yìn… ẹ̀yìnkùlé, mà."

"O jí ní mẹ́fà. O fa omi níbi tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́, o gbálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o ti dáná pàápàá. Aago mẹ́wàá lo wá kúnlẹ̀ kí i káàárọ̀? Tí òun náà sì bi ọ́ bí o ṣe jí, nígbà tí oòrùn ti ń ta ní lẹ́yìn?" Ohùn Christianah kò le. "Ọmọ mi, ìyàwó ilé tó ti kí ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, tó tún bá a lẹ́nu iṣẹ́ ní mẹ́wàá, 'Ẹ kú iṣẹ́' ni yóò wí. Ìwọ kò kí i ní mẹ́fà. O kò sì kí i ní mẹ́wàá. Kí lẹ bá ara yín jà sí?"

Tolúlàṣẹ bú sẹ́kún.

"Ojú tì mí, mà! Kí ni kí n wí lójú àwọn aládùúgbò tó gbé wa wá? Kí n ní n kò kí ìyá ọkọ mi láti àná? Wọ́n á ní èmi ni mo bínú pa á."

"Kí ló fa ìjà?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo rí i nínú agolo mílíìkì, odindi páálí méjì, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní oògùn yẹn ń mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n wọ́n, pé bí wọ́n bá ń dìde ṣáá, ẹ̀kọ á dì nínú igbá. Mo ní ẹ̀mí ṣe iyebíye ju àdìrẹ lọ. Wọ́n ní ṣé èmi ọmọ àná ló fẹ́ máa kọ́ àwọn ní iṣẹ́ tí àwọn fi tọ́ ọkọ mi. Ni ariwo bá sọ."

"Òtítọ́ lo sọ fún wọn lánàá," Christianah wí. "Ti òní ni kò dára. Ìgbà wo lo rí wọn gan-an?"

"Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ sá aṣọ ni. Wọ́n ti ṣubú sórí ẹní."

Christianah padà bá dókítà. "Ẹ pa mẹ́wàá yẹn rẹ́."

Bólúwatifẹ́ fọwọ́ bo ojú. "Ẹ ti gba oògùn lọ́wọ́ mi, Màmá."

"Irọ́ ni mo gbà lọ́wọ́ yín. Oògùn ṣì wà nínú fíríìjì."

Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ ti Tolúlàṣẹ kò tilẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ rí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀sùn ìpànìyàn kúkú fúyẹ́ ju ẹ̀sùn àìkíni lọ lójú aládùúgbò.

Fóònù Ìyá Dọ̀tun wà lọ́wọ́ Tolúlàṣẹ. Christianah gbà á, ó wo àwọn tó pè é láàárọ̀. Ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Ọládọ̀tun ló pè, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n gbé ìpè náà, ó sì lò tó ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì.

Ojú dókítà tàn. "Ó gbé fóònù! Màmá, ẹni tó gbé fóònù…"

"Fóònù gbígbé kọ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ." Ó tẹ nọ́ńbà náà.

Ọládọ̀tun gbé e lójú ẹsẹ̀. Inú ọkọ̀ ló wà, ó ti kọjá Mówe, ó ń bọ̀ nílé.

"Dọ̀tun, ilé ìwòsàn ni mo ti ń pè ọ́. Màmá ṣì wà láàyè, fọkàn balẹ̀. O pè wọ́n ní mẹ́wàá kọjá. Kí ni wọ́n sọ?"

"Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, mà."

"Kí ni wọ́n fi dáhùn?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù nítorí ariwo ọkọ̀.

"Wọ́n kàn ń dún, mà. Ùn, ùn, ùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ni. Mo ní, 'Màmá, mi ò gbọ́ yín, màá pè padà.' Ọ̀gá mi ti wọlé, mo gé e. Mà, ṣé wọ́n ń pè mí fún ìrànlọ́wọ́ ni?"

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi wá fóònù rí, wọ́n sì gbé e fún ọ. Ohun tí agbára wọn ká nìyẹn. Máa bọ̀. Má sọ fún awakọ̀ kó sáré."

Ó pa fóònù. Ó dájú nísinsìnyí pé nígbà tí aago mẹ́wàá fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àrùn ti dé. Láti aago márùn-ún sí ìgbà yẹn, ta ló rí i? Ó mú ìyẹ́ adìẹ tó ti yọ lọ́wọ́ ìyá náà, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹni tó bá di ìyẹ́ mú, iṣẹ́ ló ń ṣe," ó wí. "Mo ń lọ sí Adigbe. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn fíríìjì yẹn."

Ọ̀kadà ló gùn. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wọ ẹ̀yìnkùlé Ìyá Dọ̀tun.

Ẹní wà nílẹ̀, igbá ẹ̀kọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè kó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lórí tábìlì kúkúrú kan ni aṣọ funfun wà. Ẹ̀yin tí kò mọ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á ká aṣọ, kí ojú ìká náà pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ojú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé. Wọ́n á fi ìyẹ́ tọ ẹ̀kọ, wọ́n á fi ya àwòrán sínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹja níbí, ẹyẹ lọ́hùn-ún. Bí aṣọ bá wọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró. Ogún ilé ló wà lórí aṣọ Ìyá Dọ̀tun. Méje ti kún. Nínú ìkẹjọ, ẹyẹ kan wà tí apá rẹ̀ kan ṣoṣo ti parí. Ibi tí apá kejì ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ìlà náà gbọ̀n, ó wọ́ lulẹ̀ tààrà, ó gba inú ilé mìíràn kọjá títí dé etí aṣọ.

Christianah fi ojú tọ ìlà yẹn dé etí aṣọ.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọlọ́pàá!" Obìnrin kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá kejì, aró ti pa ọwọ́ rẹ̀ dé ìgunpá. Mọ̀nsúrát nìyẹn, aládìrẹ bíi ti Ìyá Dọ̀tun, tó mọ Christianah láti ìgbà iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ògiri kan ló là wọ́n.

"Mo ti fẹ̀yìntì."

"Ọlọ́pàá kì í fẹ̀yìntì, aṣọ lásán ni wọ́n ń bọ́. Ìyá Dọ̀tun ńkọ́?"

"Ọwọ́ rẹ ló kù sí, bóyá. Ta ló ya èyí?"

Mọ̀nsúrát tẹ̀ mọ́ aṣọ náà. "Òun ni. Wo ẹja yìí. Gbogbo wa là ń ya ẹja ní Adigbe, tirẹ̀ nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹlòmíràn kò lè bá a ya díẹ̀ níbẹ̀? Ìyàwó ilé ńkọ́?"

"Tíṣà? Tíṣà kò lè ya ẹyin."

"Ṣé kì í ṣe láti àná ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Àná kẹ̀! Aṣọ funfun ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Saheed ló ń retí."

Christianah ká etí aṣọ. Òǹtẹ̀ pupa kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà: 316. Ó ní kí Mọ̀nsúrát fún òun ní nọ́ńbà Saheed, ọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù káàkiri láti Láfẹ́nwá.

"Saheed, ìwọ lo gbé aṣọ wá fún Ìyá Dọ̀tun?"

"Èmi ni, mà. Bí ihò bá wà lára rẹ̀, kì í ṣe èmi o!"

"Kò sí ihò. Aago mélòó lo gbé e dé?"

"Mo ní fọ́tò rẹ̀, mà. Ọ̀gá mi ní kí n máa ya oníbàárà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Àwọn kan á gba ẹrù tán, wọ́n á ní àwọn ò rí i."

"Fi ránṣẹ́. Kíá."

Fọ́tò náà wọlé. Ìyá Dọ̀tun ló wà níbẹ̀, aṣọ funfun lé e lọ́wọ́ méjèèjì, òǹtẹ̀ pupa 316 hàn ketekete létí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dọ́gba ní ẹnu rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni fóònù kọ sára rẹ̀.

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?"

"Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá mi má bàa rò pé mo wá jà wọ́n lólè ni, mà."

Christianah pe dókítà.

"Méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo ní fọ́tò."

Bólúwatifẹ́ ṣírò. "Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àyè yẹn tán. Méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Màmá, ó ti bọ́."

"Kò tíì bọ́. Nínú fọ́tò, aṣọ náà mọ́ láú. Níwájú mi, ilé méje ti kún lórí rẹ̀. Wọn kò ya ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Ó yíjú sí Mọ̀nsúrát. "Báwo ni ilé kan ṣe máa ń pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Kì í kánjú, Ìyá Dọ̀tun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà mìíràn, ogún."

Ọlọ́pàá mìíràn ìbá gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ rẹ̀, ìbá sì máa sáré lọ. Ọ̀nà méje mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á gbé wa dé mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àyè á sì gbòòrò. Christianah kò gbà á. Ṣé ẹ rí i, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìyá náà yá lónìí, pé ó ya ilé kọ̀ọ̀kan kíákíá, nígbà náà àrùn ti lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú mẹ́sàn-án àti nǹkan, dókítà á sì fún un ní oògùn lẹ́yìn tí àyè ti tán. Kì í ṣe iye ìṣẹ́jú tó máa ń lò ni Christianah ń wá. Iye tí kò lè dín sí ló ń wá.

"Ta ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú gbogbo aládìrẹ Adigbe?"

"Ẹ fẹ́ kí n máa yin ara mi?"

"Yin ara rẹ kíákíá."

"Èmi ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

"Èwo ló rọrùn jù yà nínú méjèèje yìí?"

Mọ̀nsúrát wò wọ́n. "Òòyà yìí. Ìkeje."

"Lọ gbé ẹ̀kọ tìrẹ wá. Ya òòyà kan fún mi, kí ó tó bí èyí gan-an, iye eyín kan náà. Ya á bí ẹni tí ajá ń lé."

Mọ̀nsúrát jókòó. Christianah wo aago ọwọ́ rẹ̀: méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Fóònù dún, dókítà ni, Christianah kò gbé e. Mọ̀nsúrát ń làágùn, ẹ̀kọ ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò nù ún. Wọ́n máa ń wí pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Lọ́jọ́ náà, adìẹ àti ìyẹ́ ni wọ́n jọ ń làágùn.

"Ó tán!"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Mo gé díẹ̀ náà dànù."

"Ẹ má fi òòyà yìí hàn ẹnikẹ́ni," Mọ̀nsúrát wí. "Ojú á tì mí."

Christianah pe Bólúwatifẹ́.

"Dókítà, ẹ gbọ́. Méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, aṣọ ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ya ilé méje. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù níbí, tó ya èyí tó rọrùn jù, tó sáré pẹ̀lú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà á. Àádọ́rin ìṣẹ́jú nìyẹn, ó kéré tán. N kò ka àkókò tó fi ká aṣọ, n kò ka àkókò tó fi ro ẹ̀kọ. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án fi ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Dọ̀tun ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Mẹ́sàn-án ku mẹ́wàá…" Ó ń ṣírò. "Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú."

"Ìdajì wákàtí ló kù fún yín."

"Bó bá sinmi láàárín iṣẹ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kí àrùn tó dé. Àyè yín á pọ̀ sí i, kò ní dín."

"Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń rọ díẹ̀díẹ̀ láti ilé karùn-ún ńkọ́?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo ti ya aṣọ náà, mo sì ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wo ìkeje, òòyà. Eyín méjìlá. Ẹ wá èyí tó wọ́ nínú wọn."

Dókítà kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò sí."

"Ẹ wá wo ìkẹjọ."

"Mo ti rí i," Bólúwatifẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Màmá, ìwé òfin ìwádìí wa béèrè ẹni tó rí aláìsàn kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá. Ta ni kí n kọ síbẹ̀? Ẹ̀yin kò rí i. Mọ̀nsúrát kò rí i."

"Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ kọ bí mo ṣe kà á, kí ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́ lè rí ibi tó máa bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mi ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀."

"Tèmi náà á wà níbẹ̀," dókítà wí, ó sì pa fóònù.

Bólúwatifẹ́ pe Tolúlàṣẹ wọlé. Kò fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní oògùn náà lè ṣí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó dí. Ó ní ó lè má ṣe nǹkan kan. Ó ní nínú àwọn tí wọ́n bá fún, a máa ń rí àwọn díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ á ya sí lórí, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún wọn lásìkò, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń kú.

"Bí a ò bá fún wọn ńkọ́, sà?"

"Bí wọ́n ṣe wà yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa wà bẹ́ẹ̀ lọ."

Tolúlàṣẹ pe ọkọ rẹ̀. Ọládọ̀tun ti dé Kọ́bapẹ́, ọkọ̀ kún ojú ọ̀nà. "Kí ni kí n ṣe?" ni ó bi í. Ọládọ̀tun ní, "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn. Ìwọ lo rí wọn. Èyí tí o bá ṣe ni mo fara mọ́." Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Ojú ìyá náà wà lára rẹ̀, kò kúrò. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ aládùúgbò ti bà lẹ́rù dé ibi tó fi pa irọ́, òun ló wá di ẹni tí gbogbo ẹbí máa tọ́ka sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Ó gba bíírò.

"Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ iṣan Ìyá Dọ̀tun.

Nígbà tí Christianah padà dé, kò sí ohun tó kù fún un láti wádìí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà. Ọládọ̀tun dé, ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago méjì kọjá, kò sí ìyípadà. Aago mẹ́ta kọjá, kò sí ìyípadà, orí kò sì fọ́ ọ, kò bì. Dókítà ní àìbì yẹn náà, ìròyìn ni.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Bólúwatifẹ́ dúró níwájú ibùsùn.

"Màmá, ẹ gbé ọwọ́ òsì sókè." Ó gbé e. "Ẹ gbé ti ọ̀tún."

Ọwọ́ náà kò kúrò lórí ibùsùn. Tolúlàṣẹ yíjú sí ògiri.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," dókítà wí. "Ìka nìkan. Ẹ gbìyànjú ìka."

Iwájú orí Ìyá Dọ̀tun fún pọ̀. Àtàǹpàkò dìde. Ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ lé e. Ìka àárín gbọ̀n, ó gbọ̀n, òun náà dìde. Méjì tó kù kò mira. Ó wo ìka méjì náà tìbínú-tìbínú, bí ẹni ń wo ọmọ tó kọ iṣẹ́ ilé, ó sì la ẹnu rẹ̀ tó wọ́.

"Ẹ… dì… de," ó wí fún wọn.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ nìyẹn. Ìka méjì náà kò dá a lóhùn. Dókítà mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: ìka mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan. Ó ní láti ọ̀la lọ, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ìgbòkègbodò ara á máa wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pé iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni, pé òun kò lè ṣèlérí ìka méjì yẹn fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló máa máa ṣe é fún wọn bí wọ́n bá délé?" ó béèrè.

Tolúlàṣẹ ti jókòó sétí ibùsùn, ó ti mú ìka kékeré ìyá náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń nà án.

"Báyìí, sà?"

"Rọra díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni."

Bí Mọ̀nsúrát ṣe sọ ọ́ fún Ọládipọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, nígbà tó wá ra láfún lọ́dọ̀ wa ní Kọ́bapẹ́. Ọládipọ̀ ló sọ ọ́ fún mi, lábẹ́ igi, kò fo ibì kan. Èmi náà kò fo ibì kan.